Jùwọ́nlọ Dùbúlẹ̀ Lọ́sàn-án Gangan

Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Jùwọ́nlọ ti rán ọmọ náà níṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Jùwọ́nlọ ará Ìrè fi ń sá kiri pẹ̀lú iṣẹ́ yìí tí kò rí i jẹ́. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ọkùnrin agbègbè wa máa ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje láti Ìkọ́lé dé Ọyẹ́. Lọ́dọọdún náà ni Rídwàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba ipò kìíní, tí Jùwọ́nlọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìrù. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ará ìlú gbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Igbákejì.

Rídwàn ló kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà gbà á lẹ́nu rẹ̀, onígbàjámọ̀ gbà á lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà, kò pẹ́ tí àlùfáà fúnra rẹ̀ fi dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi kan tó ń kéde pé Igbákejì àtàwọn méjì mìíràn ni yóò ro àyíká ṣọ́ọ̀ṣì. Jùwọ́nlọ fara da gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Ìrètí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ti ilé ìwé dé, ó dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ ra etí aṣọ.

“Bàbá mi, wọ́n ní ọmọ Igbákejì ni mí. Ta wá ni bàbá mi àkọ́kọ́?”

Ìyá Jùwọ́nlọ tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ́rìn-ín débi pé àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jùwọ́nlọ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, kò sì lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó búra pé bí òun bá tún ṣe ipò kejì ní Àjíǹde tó ń bọ̀, òun yóò ta kẹ̀kẹ́ náà fún onírin àlòkù.

Kì í kúkú ṣe pé ó ń ṣọ̀lẹ. Ká ní aáyan la fi ń borí ni, wọn ì bá ti gbé ife ẹ̀yẹ náà wá bá a nínú ilé. Bó bá ti oko dé, yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlúpéjú, yóò gùn ún bọ̀. Òjò ni o, oòrùn ni o, kò kàn án. Lọ́jọ́ ìsinmi pàápàá, ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ń gùn ún, èyí tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ sì ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú. Bí ìdíje bá wá ku ọ̀la, yóò gun kẹ̀kẹ́ dé Ìkọ́lé, yóò sì gùn ún padà wálé, ó ní òun ń lọ fi ojú han ọ̀nà. Ọ̀nà a rí ojú rẹ̀ lóòótọ́. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì.

Ìyàwó rẹ̀, Monísọ́lá, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní eré ìdárayá. Fèrè kan kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bó bá sì fọn ún, ajá àdúgbò pàápàá á dúró. Ọdún mẹ́ta ló fi wo ọkọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, nítorí ọkùnrin tó bá ń sáré nínú ẹ̀gún, kí èèyàn fi í sílẹ̀ títí ẹ̀gún yóò fi gún un. Lálẹ́ ọjọ́ tí Ìrètí béèrè bàbá rẹ̀ àkọ́kọ́, ó rí i pé ẹ̀gún ti gún un tó.

“Bàbá Ìrètí, ẹ fẹ́ borí ni, àbí ẹ fẹ́ kú?”

“Mo fẹ́ borí.”

“Ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbin iṣu sí lọ́dún yìí, tẹ́ ẹ tún gbin iṣu sí lẹ́ẹ̀mìíì, tẹ́ ẹ tún gbin iṣu sí lẹ́ẹ̀kẹta, tí ẹ ò jẹ́ kó sinmi, kí lẹ máa wà níbẹ̀?”

“Iṣu bí ìka ọwọ́.”

“Ẹsẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ wo Rídwàn. Obì ló ń fi kẹ̀kẹ́ rà kiri láti Ayébòdé dé Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gun òkè. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, àwọn onígbàgbọ́ tó ń ta obì fún un kì í lọ sóko, òun náà á jókòó sílé, á máa jẹ ẹ̀wà. Kò mọ̀ pé òun ń sinmi o, ṣùgbọ́n ó ń sinmi. Ẹ̀yin ní tiyín, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ máa ń fẹ́ pa ara yín.”

Láti ọjọ́ náà ni Jùwọ́nlọ ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ fèrè ìyàwó rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ Ajé, yóò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn Ìlúpéjú léraléra títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi yọ síta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yóò gun kẹ̀kẹ́ kiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àṣẹ tí ìyàwó rẹ̀ sì pa ni pé kò gbọdọ̀ yára ju bí yóò ti lè kí gbogbo ẹni tó bá pàdé dáadáa, kó sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn láìmí hẹlẹ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn èèyàn ti ń bi ara wọn pé ṣé ipò káńsẹ́lọ̀ ni Igbákejì fẹ́ dù ni. Kò sí arúgbó kan lójú ọ̀nà náà tí Jùwọ́nlọ kò béèrè àlàáfíà eékún rẹ̀.

Ọjọ́rú ló wá le jù. Lọ́jọ́rú, Jùwọ́nlọ kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan. Bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, kó tẹ́ ẹní, kó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìlú ńlá wá lè máa rò pé ìgbádùn nìyẹn. Ní Ìrè, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti fọwọ́ kan ilẹ̀, tí gbogbo ọkùnrin wà lóko, kí ọkùnrin tó ní ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan! Jùwọ́nlọ á ti ilẹ̀kùn, á fa kọ́tìnì, á sùn síbẹ̀ bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ojú ń tì í ju bí ojú ti máa ń ti olè lọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ká a mọ́.

“Jùwọ́nlọ, ṣé uṣẹ́ lò ń ṣe lórí ẹní yìí?”

“Ìyá mi, mò ń sinmi ni. Ìyá Ìrètí ló ní kí n sinmi.”

Arúgbó náà yíjú sí Monísọ́lá. “Ìyàwó, bàbá ẹ̀ kú tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. N kò rí i rí kó fẹ̀yìn lé ulẹ̀ lọ́sàn-án, àfi ọjọ́ tí a gbé e sin. Kí lo wá fún ọmọ mi jẹ?”

“Ẹ̀wà àti ẹ̀kọ ni, Ìyá.”

“Ẹ̀wà nìkan kọ́,” ni ìyá wí, ó sì jáde lọ sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí Jùwọ́nlọ nìkan mọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn Ìlúpéjú ń kúrú. Ibi tí èémí rẹ̀ ti máa ń já tẹ́lẹ̀, orin ló ń kọ níbẹ̀ báyìí. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tó bá ti sùn lọ́jọ́rú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yún un láti tẹ nǹkan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ fi kún un, kó máa gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ sì yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú táyà, ó fi í sínú ìkọ́mú rẹ̀, ó lọ sùn. Àwọn àgbà ṣáà ti ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Monísọ́lá ní kó dín gígun kù, kó gùn ún díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, díẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, kó sì fi ìyókù sinmi. Bẹ́ẹ̀ Jùwọ́nlọ àtàwọn mẹ́fà mìíràn jọ ń ṣe àáró, pé kí gbogbo wọn kóra jọ sí oko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n lọ sí ti ẹlòmíràn bó bá yá. Lọ́dún yìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde bọ́ sí oko Rídwàn, ebè ni wọ́n sì fẹ́ kọ. Ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ ohun tó ń ṣe itan àti ìbàdí.

Nínú àáró, ẹnìkan kì í jẹ́ kí ẹnìkejì máa wá òun. Ohun méjì péré ló ń dá èèyàn dúró: kó ṣàìsàn, tàbí kí wọ́n máa sìnkú nílé rẹ̀. Jùwọ́nlọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Rídwàn.

“Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní lè wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí a bá ti ṣe Àjíǹde tán, mo máa san án padà.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mò ń sinmi.”

Rídwàn wò ó títí. “Ara rẹ ò yá.”

“Ara mi yá. Ìsinmi ni mò ń sinmi.”

“Igbákejì, èmi rèé o. Sọ fún mi.”

“Mo ti sọ fún ọ!”

Omi lé ròrò sójú Rídwàn. Ó ti gbọ́ pé ọkùnrin yìí ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó sì ti rí i fúnra rẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri jẹ́jẹ́, tó ń kí tọmọdé tàgbà, tó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń dágbére? Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹgbẹ́ àáró ti ṣèpàdé. Àṣà wọn ni pé bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, oko rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ. Rídwàn sì yọ̀ǹda ọjọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Jùwọ́nlọ wà lórí ẹní nígbà tí ìyá rẹ̀ já wọlé.

“Àwọn ẹgbẹ́ ẹ wà lóko ẹ. Gbogbo wọn! Wọ́n ń kọ ebè fún ọ. Rídwàn ní òun á kọ ìpín tìrẹ mọ́ tòun. Aṣọ ti bọ́ lára ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú.”

Jùwọ́nlọ fò sókè. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Monísọ́lá tó dúró níwájú rẹ̀.

“Ẹ̀ ń lọ síbo?”

“Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún wọn.”

“Ẹ ti sọ òótọ́ fún wọn. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ báyìí, ṣé ẹ ó dúró máa wò wọ́n ni? Ẹ ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ó sì kọ ebè títí di ìrọ̀lẹ́. Ebè òní, ọ̀tunla ló ń dun itan. Ọ̀tunla sì ni ìdíje.”

“Rídwàn náà ń díje lọ́tunla!”

“Mo mọ̀,” ni Monísọ́lá wí, kò sì lè wo ojú ọkọ rẹ̀. “N ò rán an níṣẹ́.”

Jùwọ́nlọ rántí Ìrètí tó ń ra etí aṣọ. Ó padà sórí ẹní. Ó dùbúlẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìsinmi tí kò ní ìsinmi nínú, òun nìyẹn. Bí ẹni pé orí àyà rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ebè ọ̀hún.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá kí aláìsàn. Wọ́n gbé ọsàn wá. Wọlé, tó jẹ́ ajíhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ìdí ọjà, gbé ìgò òróró wá, ó sì ti da ìdajì rẹ̀ sí Jùwọ́nlọ lórí kó tó jókòó.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi le,” ni Jùwọ́nlọ wí.

“Àmín!” ni Wọlé dáhùn.

“Mo ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí!”

“Àmín o! Ẹ gbọ́ ìgbàgbọ́! Tún un sọ, arákùnrin!”

Bó ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń ṣe àmín. Rídwàn náà ṣe àmín, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúà ráńpẹ́. Jùwọ́nlọ rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti bó. Ọwọ́ obì ni, kì í ṣe ọwọ́ tó ń di ọkọ́ mú lójoojúmọ́. Ọkàn Jùwọ́nlọ bàjẹ́, ó sì yíjú sí ògiri. Wọ́n ní ẹ wò ó, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Jùwọ́nlọ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ojú ìlà ní Ìkọ́lé, Rídwàn pariwo, ó dì mọ́ ọn, ó gbé e nílẹ̀. Ó fẹ́ máa jó. Ìgbà tó gbé e nílẹ̀ náà ni itan ta á, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n fọn fèrè. Ogún kẹ̀kẹ́ gbéra. Jùwọ́nlọ kò sáré bí ó ti máa ń sáré tẹ́lẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ariwo ṣáájú. Ní Ìtapá, àwọn ọmọdé ọ̀hún ti ń wá omi mu. Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá Ìlúpéjú, òun àti Rídwàn nìkan ló kù lójú títì, Rídwàn níwájú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Wọ́n wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

Ẹsẹ̀ Jùwọ́nlọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn lọ. Kò rí irú agbára bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó dìde lórí ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rí i pé òun ti sún mọ́ Rídwàn kí òun tó pinnu láti sún mọ́ ọn. Rídwàn náà dìde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, pajápajá bá mú un ní itan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sínú koríko, ó ń ké.

Jùwọ́nlọ fa bíréèkì.

“Má dúró!” ni Rídwàn ké mọ́ ọn. “Máa lọ! Ọlọ́run ló wò ọ́ sàn, má fi ṣeré! Máa lọ!”

Ó lọ. Ó gun òkè náà tán pẹ̀lú omi lójú, ó já sí Ọyẹ́ lóun nìkan, kò sí kẹ̀kẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú lè tó. Àwọn èèyàn ya lù ú. “Jùwọ́nlọ! Jùwọ́nlọ!” Ìrètí wà léjìká ìyá rẹ̀, ó ń ké orúkọ náà ju gbogbo wọn lọ, ó ń nawọ́ sí i fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀.

Wọlé sì ti gba gbohùngbohùn. Ó ní kí gbogbo ayé wá wo iṣẹ́ Olúwa. Ó ní ọkùnrin tí wọ́n ń múra posí rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta rèé, òróró ọwọ́ òun ò sì tíì gbẹ lórí rẹ̀. “Arákùnrin, wá jẹ́rìí!”

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn. “Ẹ yin Olúwa” péré ni, kó dá gbohùngbohùn padà, kó gba ife rẹ̀, kó máa jẹ́ Jùwọ́nlọ lọ títí ayé. Ó la ẹnu, ó sì rí Rídwàn tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láàárín èrò, ó ń tiro, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

“N kò ṣàìsàn,” ni Jùwọ́nlọ wí. Gbohùngbohùn gbé e káàkiri. “Ìsinmi ni mò ń sinmi. Mo wà lórí ẹní, ara mi le, mo sì mọ̀ pé Rídwàn wà lóko mi, tó ń kọ ìpín tèmi mọ́ tirẹ̀. Mi ò dìde.”

Wọlé gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà bí ẹni pé ó gbóná. Ẹ̀rín kúrò lójú Rídwàn, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó ń tì í lọ. Àwọn àgbà tó ń bójú tó ìdíje forí korí, wọ́n ní òfin àwọn ò sọ pé kí èèyàn má sùn, wọ́n sì gbé ife fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ mìíràn ti dé ìlú. Asùnborí ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, Monísọ́lá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n ọkọ́.

“Ẹni tó bá díje lánàá gbọ́dọ̀ sinmi lónìí,” ló wí, ṣùgbọ́n kò fọn fèrè.

“Ọjọ́ mìíràn,” ni Jùwọ́nlọ dáhùn.

Oko Rídwàn ló gbà lọ. Ó ti kọ ebè tó pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ro ó, kó tó rí Rídwàn tó ń bọ̀. Ó ń ya ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún, ẹní kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò kí i. Ó tẹ́ ẹní náà sábẹ́ igi obì, ó dùbúlẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà.

“Rídwàn, jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

“Má bá mi sọ̀rọ̀, mò ń sinmi. Ìyàwó rẹ wá sílé mi lálẹ́ àná, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo máa gun òkè lọ́jọ́ Ajé, màá máa kí àwọn èèyàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Olùkọ́ dáadáa ni.”

Jùwọ́nlọ dúró, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Àjíǹde tó ń bọ̀ kedere, ó sì rí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Inú rẹ̀ tún dùn, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ó tẹ̀ba, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Rídwàn la ojú kan.

“Jùwọ́nlọ.”

Ó ti pé ọdún kan gbáko tó ti gbọ́ orúkọ náà kẹ́yìn láti ẹnu yẹn. “Mò ń gbọ́.”

“Ebè yẹn kéré. Wó o, kó o tún un kọ.”

Ó pa ojú rẹ̀ dé padà. Jùwọ́nlọ wó ebè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ.